Ta Ló Ní Corolla Nìkan Ni Ọkọ̀ Ìyàwó?

Láàárín àwọn tó ń ra ọkọ̀ àti àwọn tó ń tà á ní Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, èrò kan ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ débi pé kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò mọ́: bí ọkọ bá fẹ́ ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ fún ìyàwó rẹ̀, tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò sì pọ̀, kí ó lọ ra Toyota Corolla tòkunbọ̀, ìyẹn èyí tí wọ́n ti lò nílẹ̀ òkèèrè kí ó tó wọ Nàìjíríà, kí ó má sì wo ọ̀tún tàbí òsì. Mẹkáníìkì ń sọ ọ́, àwọn àbúrò ọkọ ń sọ ọ́, àwọn tó ń ta ọkọ̀ ń sọ ọ́, àlùfáà tó bá sì wá gbàdúrà sí ọkọ̀ náà kò ní ṣàì fi ti ẹnu tirẹ̀ kún un. Bí ìyàwó bá wá la ẹnu pé ọkọ̀ tó yá lẹ́sẹ̀, tó sì dùn ún wà, ni òun ń fẹ́, kíá ni wọn yóò dá a lóhùn pé ọkọ̀ spọ́ọ̀tì kì í ṣe ti ẹni tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, áḿbọ̀sìbọ́sí obìnrin. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ẹnu ń sọ nìyẹn, àṣìṣe gbáà sì ni.

Ọkọ̀ spọ́ọ̀tì tí àríyànjiyàn yìí dá lé lórí kì í ṣe ọkọ̀ ìdíje, kì í sì í ṣe ọkọ̀ ilẹ̀kùn méjì tí àwọn olówó fi ń gbafẹ́. Ọkọ̀ oníbúùtù ni, ilẹ̀kùn mẹ́rin ló ní, ó lè gbé ìdílé, ó sì lè gbé ẹrù ọjà, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ fi ìgbọ́ràn kún un: sítíárìn rẹ̀ máa ń tètè jẹ́ ìpè, bírékì rẹ̀ máa ń mú ṣinṣin, ṣọ́ọ̀kù àti spíríǹgì rẹ̀ kì í jẹ́ kí ara rẹ̀ ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tó bá ń yà ní kọ́nà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì máa ń dáhùn nígbà tí ẹsẹ̀ bá kan iná. Mazda 3 wà nínú wọn, Honda Accord wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Acura TSX, tí í ṣe Accord ilẹ̀ Yúróòpù àti Japan tí Honda fi orúkọ mìíràn tà ní Amẹ́ríkà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ga ju apá olówó oṣù tó lè ra Corolla lọ. Mazda 3 tilẹ̀ sábà máa ń dín lówó sí Corolla ọdún kan náà.

Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé wọ́n gbé ọ̀rọ̀ tí òun kò sọ sí òun lẹ́nu, ó tọ́ kí àwíjàre àwọn ẹlẹ́yìn Corolla kọ́kọ́ jáde bó ṣe rí gan-an. Wọ́n ní epo ti wọ́n, òótọ́ sì ni, nítorí pé láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, bẹntiróòlù tí kò tó 200 náírà lórí lítà kan bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, nígbà tó sì fi di oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ó ti kọjá 1,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ìlú. Wọ́n ní náírà ti rẹlẹ̀, nítorí dọ́là tó jẹ́ nǹkan bí 470 náírà lọ́dọ̀ ìjọba ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún 2023 ti kọjá 1,500 náírà nínú ọdún 2024, bẹ́ẹ̀ dọ́là ni wọ́n fi ń ra ọkọ̀ àti ẹ̀yà ara rẹ̀ lókè òkun. Ọ̀nà Cotonou, tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú máa ń gbà wọlé láti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ti tì í láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2017, nígbà tí wọ́n ní ọkọ̀ kankan kò gbọ́dọ̀ gba ẹnu ibodè orí ilẹ̀ wọlé mọ́. Nínú irú àsìkò yìí, wọ́n ní ọkọ̀ tí ẹ̀yà ara rẹ̀ kún Ládípọ̀ ní Mushin àti Gate ní Ìbàdàn, tí mẹkáníìkì abẹ́ igi lè tú kí ó sì tò padà, tí ẹni tó fẹ́ tà á kò ní í pẹ́ rí oníbàárà, ni ọlọ́gbọ́n ń rà. Wọ́n tún fi kún un pé ọ̀nà kò dára, pé ọkọ̀ tó ń sáré léwu lọ́wọ́ obìnrin, pé ibi iṣẹ́, ilé ìwé ọmọ àti ọjà ni ìyàwó ń lọ, kò lọ sí ibi eré ìje.

Àwíjàre tó nítumọ̀ ni. Corolla lágbára, ó sì ní sùúrù fún ẹni tí kì í tètè pààrọ̀ ọ́ìlì. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé kò sí ọ̀kan nínú àwọn ìdí wọ̀nyẹn tó sọ ọkọ̀ tó dùn ún wà di èèwọ̀, àfi bí èèyàn bá kọ́kọ́ gbà pé ohun kan náà ni ìgbọ́ràn ọkọ̀ àti agbára ẹ́ńjìnnì. Ibí yìí ni gbòǹgbò àṣìṣe náà wà. Bí wọ́n bá ti gbọ́ spọ́ọ̀tì, BMW àti Mercedes tó ti gbó ló ń wá sí wọn lọ́kàn, wọn yóò sì nawọ́ sí èyí tó wà nílẹ̀ ní ọgbà mẹkáníìkì láti oṣù mẹ́ta. Ta ló ní kí wọ́n rà á? BMW 328i ọdún 2008, tí ẹ̀rọ tó ń fa omi rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú iná mànàmáná, tí rọ́bà àti páìpù ìtútù rẹ̀ sì máa ń sán bí ó bá ti dàgbà, kì í ṣe ọkọ̀ ẹni tó ń ṣọ́ owó ná, kò sì sí ẹni tó mọ ọkọ̀ tí yóò gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ nímọ̀ràn láti rà á. Ẹni tó bá fi BMW dá Mazda lẹ́jọ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn.

Ọ̀rọ̀ epo tí wọ́n gbé síwájú jù lọ ló kọ́kọ́ ń wó. Corolla kan tó kún títì nínú àwọn tòkunbọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìyẹn ti ọdún 2009 sí 2013, ní ẹ́ńjìnnì lítà 1.8 tí agbára rẹ̀ jẹ́ agbára ẹṣin 132, èyí tí í ṣe òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe lè fà tó, gíá mẹ́rin péré ni gíá aládàáṣe rẹ̀ sì ní. Nínú ìdánwò ìjọba Amẹ́ríkà, Corolla ọdún 2012 yìí ń rin nǹkan bí kìlómítà 11 lórí lítà kan láàárín ìlú, ó sì ń rin nǹkan bí 14 lórí ọ̀nà jíjìn. Mazda 3 ọdún kan náà, èyí tó ní ẹ́ńjìnnì lítà 2.0 tí Mazda sọ ní Skyactiv, ní agbára ẹṣin 155 àti gíá mẹ́fà, ó ń rin nǹkan bí kìlómítà 12 láàárín ìlú, ó sì ń rin 17 lórí ọ̀nà jíjìn. Ọkọ̀ tó lágbára jù, tó sì dùn ún wà jù, ni epo rẹ̀ pẹ́ jù. Bí ìyàwó bá ń rin kìlómítà 1,500 lóṣù, Mazda yìí yóò fi nǹkan bí lítà 15 dín sí ti Corolla lóṣooṣù, èyí tó jẹ́ 15,000 náírà bí lítà kan bá jẹ́ 1,000 náírà. Níbo wá ni ọkọ̀ spọ́ọ̀tì ti ń jẹ epo? Ohun kan ṣoṣo tó yẹ kí olùrà ṣọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo Mazda 3 ọdún 2012 ló ní ẹ́ńjìnnì yìí, nítorí náà kí ó wo ẹ̀yìn búùtù bóyá orúkọ Skyactiv wà níbẹ̀ kí ó tó sanwó.

Ti ẹ̀yà ara ọkọ̀ ńkọ́? Lóòótọ́, ti Toyota ló pọ̀ jù ní Ládípọ̀. Ṣùgbọ́n kí ni àwọn oníṣòwò ayédèrú ń ṣe ayédèrú rẹ̀ jù lọ, bí kò ṣe ohun tí àwọn èèyàn ń rà jù lọ? Bírékì páàdì àti ṣọ́ọ̀kù tí wọ́n tẹ orúkọ Toyota mọ́ ara rẹ̀ kún ọjà, ẹni tí kò bá sì mọ ojúlówó yóò ra èyí tí kò ní pẹ́ yọ ọwọ́, yóò sì tún padà lọ rà á. Yàtọ̀ sí èyí, àbí Toyota nìkan ni wọ́n ń kó wọlé ni? Honda ti di ọmọ ilé ní Nàìjíríà láti ọjọ́ pípẹ́, débi pé àwọn èèyàn ti sọ Accord ọdún 2003 ní End of Discussion, wọ́n sì ti sọ èyí tó jáde ní 2008 ní Evil Spirit. Ọkọ̀ tí ará ìlú bá fún ní oríkì kì í ṣe àjèjì sí mẹkáníìkì. Ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì lítà 2.4 tó wà nínú Accord wọ̀nyí kò ṣọ̀wọ́n, ìdílé ẹ́ńjìnnì kan náà ló sì wà nínú Acura TSX. Mazda ṣòro ju Honda lọ díẹ̀, ẹni tó bá rà á gbọ́dọ̀ wá mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ohun tí kòtò ọ̀nà wa ń bà jẹ́ jù lára ọkọ̀, yàtọ̀ sí táyà, kò ju rọ́bà búṣì, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì àti ṣọ́ọ̀kù lọ, wọn kì í sì í wọ́n nínú ọjà fún ọkọ̀ kankan nínú àwọn tí ibí yìí ń dárúkọ.

Ìgbàgbọ́ pé Toyota kì í bàjẹ́ pàápàá gba àyẹ̀wò. Ẹ́ńjìnnì lítà 2.4 tó wà nínú Camry ọdún 2007 sí 2009, ìyẹn Camry tí wọ́n ń pè ní Muscle, di olókìkí nítorí pé ó ń jẹ ọ́ìlì. Àléébù náà wá láti ara písítìn àti ríǹgì rẹ̀, Toyota fúnra rẹ̀ sì gbé ètò àtúnṣe kalẹ̀ fún un ní Amẹ́ríkà. Mẹkáníìkì tó bá ń sọ fún oníbàárà pé Toyota kò ní àléébù ti tú irú ẹ́ńjìnnì yìí rí. Kí ló dé tí àléébù Honda fi ń jẹ́ ẹ̀rí, tí ti Toyota sì ń jẹ́ àdánwò?

Ibi tí àgàbàgebè èrò yìí ti hàn jù lọ ni pé àwọn tó ń kọ ọkọ̀ spọ́ọ̀tì kì í kọ àwòrán rẹ̀. Wọn yóò ra Corolla S, tí àwọn tó ń tà á ń pè ní Corolla Sport, wọn yóò sì san owó lé e nítorí ìyẹ́ tó wà lórí búùtù àti bọ́ńpà tó rẹlẹ̀, láìbéèrè ohun tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ohun tó wà níbẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì lítà 1.8 kan náà, agbára ẹṣin 132 kan náà, gíá mẹ́rin kan náà. Aṣọ ni wọ́n ra. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí Toyota dandan ni ẹnì kan bá fẹ́, Toyota fúnra rẹ̀ ṣe ọkọ̀ spọ́ọ̀tì tó tó bẹ́ẹ̀: Camry SE ọdún 2010 àti 2011, tí spíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kù rẹ̀ le ju ti Camry LE tí kì í ṣe spọ́ọ̀tì lọ, tí wọ́n sì gbé irin ìdè sí ẹ̀yìn àga ẹ̀yìn rẹ̀ kí ara ọkọ̀ náà má baà máa yí, débi pé àga ẹ̀yìn rẹ̀ kò ṣeé tẹ̀ sílẹ̀ bíi ti LE. Ẹ̀yà ara tó kún Ládípọ̀, mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n, oníbàárà tó ń dúró dè é, gbogbo ohun tí wọ́n ń tọrọ ló wà lára rẹ̀. Èwo ni wọ́n tún fẹ́ sọ?

Èyí tó burú jù nínú àwọn àwíjàre náà, tí wọ́n sì máa ń sọ bí ẹni ń ṣàánú, ni pé ọkọ̀ spọ́ọ̀tì léwu lọ́wọ́ obìnrin. Ká ní wọ́n wádìí ohun tó ń mú kí ọkọ̀ léwu ni, wọn kì bá tí sọ ọ́. Lórí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 127, ohun tó ń pani kì í ṣe pé ọkọ̀ lè sáré, nítorí Corolla pẹ̀lú lè sáré kọjá kìlómítà 100 ní wákàtí kan tí òfin gbà láyè, ó sì tún lè dé ìlọ́po kan àbọ̀ rẹ̀. Ohun tó ń pani ni tírélà tó dúró lójú ọ̀nà láìní iná lẹ́yìn, akérò tó já wọ iwájú ẹni láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kòtò tó fara hàn lójijì lẹ́yìn òjò. Ẹni tó bá bá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pàdé kò nílò ju bírékì tó ń mú, sítíárìn tó ń gbọ́ràn àti táyà tó ń di ilẹ̀ mú lọ, àwọn nǹkan mẹ́ta yìí gan-an ni ọkọ̀ spọ́ọ̀tì fi yàtọ̀ sí ọkọ̀ mìíràn. Corolla LE tí wọ́n ń yìn ń lo bírékì onílù lẹ́yìn, ìyẹn èyí tí páàdì rẹ̀ wà nínú agolo irin tí ooru kì í tètè kúrò nínú rẹ̀. Mazda 3 ní bírékì onípáànù, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí gbangba, ní táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀pá irin kan ló so táyà ẹ̀yìn Corolla méjèèjì pọ̀, tó fi jẹ́ pé bí ọ̀kan bá já sínú kòtò, èkejì yóò mọ̀ ọ́n lára, nígbà tí táyà ẹ̀yìn Mazda àti ti Accord ń dá dúró lórí apá tirẹ̀, tí ọ̀kan lè wọ kòtò láìda èkejì láàmú.

Ẹ̀rọ kan tún wà tó yẹ kí gbogbo ọkọ tó ń sọ̀rọ̀ nípa ewu mọ orúkọ rẹ̀: ẹ̀rọ amúdúró, tí wọ́n ń kọ ní ESC, èyí tó ń fúnra rẹ̀ tẹ bírékì táyà kan ṣoṣo nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ yọ̀ tàbí yí ẹ̀yìn padà. Ìjọba Amẹ́ríkà sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun láti ti ọdún 2012, àjọ Insurance Institute for Highway Safety sì rí i pé ó ń dín ewu ìjàǹbá aṣekúpani tí ọkọ̀ kan ṣoṣo ń ṣe kù ní nǹkan bí ìdajì. Ẹni tó bá ń ṣàníyàn nípa ẹ̀mí ìyàwó rẹ̀ yóò béèrè fún ẹ̀rọ yìí kí ó tó béèrè orúkọ tó wà lórí búùtù. Èwo nínú àwọn tó ń pariwo Corolla ló ti béèrè rẹ̀ rí? Ta ló sì sọ fún wọn pé obìnrin kò mọ ọkọ̀ wà, nígbà tó jẹ́ pé òun ló ń la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti Ìkòròdú dé Erékùṣù Èkó kọjá láàárọ̀, tó tún ń gba ọ̀nà kan náà padà lálẹ́ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn ọkọ̀?

Ti ọ̀nà tí kò dára kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Táyà ló ń jìyà kòtò, kì í ṣe orúkọ ọkọ̀. Mazda 3 tó ní Skyactiv sábà máa ń wọ táyà 205/55 R16, tó túmọ̀ sí pé táyà náà fẹ̀ ní mílímítà 205, pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ náà, pé wíìlì rẹ̀ sì jẹ́ ínǹṣì 16. Ẹ̀gbẹ́ tó ga ju mílímítà 110 lọ bẹ́ẹ̀ tó gba kòtò mọ́ra. Àwọn tó ń yọ wíìlì tí ọkọ̀ bá wá, tí wọ́n ń fi ínǹṣì 19 rọ́pò rẹ̀ kí ó lè dán lójú, ni wíìlì wọn ń tẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn Corolla ni wọ́n sì ń wà.

Wọ́n á wá sá di owó ìtúntà. Wọ́n ní bí Corolla bá pé ọdún márùn-ún lọ́wọ́ ẹni, owó gidi ni yóò tún mú wá. Ṣùgbọ́n owó gidi náà ni wọ́n fi rà á lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Iye tí wọ́n fi lé ti Mazda nígbà tí wọ́n ń rà á ni wọ́n ń dúró dè láti gbà padà, láàárín àkókò náà sì rèé, owó yẹn ì bá ti ra táyà tuntun mẹ́rin, bátìrì àti bírékì páàdì ojúlówó. Ẹni tó ń fi ọdún márùn-ún wa ọkọ̀ tí kò fẹ́ràn nítorí ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ rẹ̀ dà bí ẹni tó wọ bàtà tó há lọ sí gbogbo òde nítorí kí àbúrò rẹ̀ lè jogún rẹ̀ ní tuntun. Ìyàwó ni wọ́n ra ọkọ̀ fún. Kí ló kan ẹni tí yóò rà á ní ọdún 2030?

Ẹ̀rí tó sì tú àṣírí gbogbo rẹ̀ wà nínú ọgbà ilé kan náà. Ọkọ tó ní Corolla tó fún ìyàwó òun, tó ní epo ti wọ́n, tó ní ọ̀nà kò dára, òun fúnra rẹ̀ ń wa Accord Evil Spirit oní-V6, ẹ́ńjìnnì lítà 3.5 tí agbára rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí agbára ẹṣin 270. Epo kò wọ́n nígbà tó ra tirẹ̀ ni? Ṣé Ládípọ̀ tí yóò ti ra ẹ̀yà ara fún V6 yàtọ̀ sí Ládípọ̀ tí kò ti ní rí ti Accord lítà 2.4, tí ìyàwó rẹ̀ ń fẹ́, tí kò sì náni tó tirẹ̀? Àìtó owó kọ́ ni ìdí, nítorí kò sí ibi tí owó ti tó fún ọ̀kan tí kò tó fún èkejì. Wọ́n ti pín ìgbádùn ọkọ̀ wíwà fún ọkọ, wọ́n sì pín ìfaradà fún aya, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá pe ìpín náà ní ọgbọ́n ìṣúnná owó.

Ìṣúnná owó tòótọ́ kò pàṣẹ Corolla fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó pàṣẹ ni pé kí ẹni tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n ra ọkọ̀ tí ara rẹ̀ dá, tí wọn kò tíì lù mọ́ igi ní Amẹ́ríkà kí wọ́n tó kó o wá, tí gíá rẹ̀ ń wọlé láìfà, tí wọ́n sì ti fi kọ̀ǹpútà wo ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Mazda 3 Skyactiv tó wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀, Accord lítà 2.4, Acura TSX tàbí Camry SE sàn fún ìyàwó ju Corolla èyíkéyìí tí iye owó wọn jọra lọ: ó sàn lójú ewu, epo Mazda pẹ́ ju ti Corolla lọ, inú ẹni tó ń wà á lójoojúmọ́ sì dùn sí i. Kí ọkọ gbé owó náà lé tábìlì, kí ìyàwó jókòó sẹ́yìn sítíárìn ọkọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ó tẹ iná, kí ó tẹ bírékì, kí ó yà á ní kọ́nà, èyí tó bá sì tọ́ka sí ni kí wọ́n sanwó rẹ̀, bí gbogbo mẹkáníìkì Ìbàdàn tilẹ̀ ń mi orí.